Ẹni Tó Jókòó Sórí Àga Kẹta

Falilat fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí, ní ọjọ́ kejì Ìtúnu Àwẹ̀ ọdún 2002, fún Munirat àbúrò rẹ̀, nígbà tí àwọn méjèèjì ń fọ ìkòkò ọdún lẹ́yìnkùlé ilé wọn ní Bariga. Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún kan tó ti gbé e mì. Bó ṣe tú u jáde lọ́jọ́ náà ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ilé yẹn títí di òní.

Ohun tó kọ́kọ́ rú Falilat lójú kò ju àwo kan lọ. Oṣù àwẹ̀ ni. Ó ti se mọ́ínmọ́ín ìṣínu sílẹ̀ kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì kó o sínú kúlà. Nígbà tó padà dé lọ́sàn-án, oòrùn wà ní àtàrí, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé, àwo kan wà nílẹ̀ ní pálọ̀. Ewé mọ́ínmọ́ín mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ẹni tó jẹ ẹ́ kò ya ewé náà jákujàku bí ọmọdé ṣe máa ń ṣe. Ó ṣí wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ká wọn padà bí àwọn àgbà ayé àtijọ́ ṣe máa ń ṣe. Abọ́ omi ìṣanwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, epo léfòó lójú omi náà.

Nígbà tí Saheed ọkọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, Falilat ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Níní, bí ẹ ò bá lè gba àwẹ̀, ẹ sọ. Ọlọ́run ló ni ín, kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n ẹ má wá máa fara pamọ́ jẹun nínú ilé mi bí ológbò."

"Èmi? Láti àárọ̀ ni mo ti wà ní Ṣómólú! Bi Bọ́lárìnwá."

"Bọ́lárìnwá tí ẹ jọ ń ya wèrè ni kí n bi?"

Kò gbà á gbọ́. Kò sì ṣòro láti mọ ìdí tí kò fi gbà á gbọ́, torí inú ti ń bí i sí ọkùnrin náà tipẹ́.

Saheed àti Bọ́lárìnwá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Nígbà ìjọba ológun, bí wọ́n bá rí ìwé ìsìnkú àti káàdì ìgbéyàwó tẹ̀, wọ́n á dúpẹ́. Àmọ́ láti ìgbà tí ìjọba alágbádá ti dé, pósítà àti kàlẹ́ńdà àwọn olóṣèlú ò jẹ́ kí ẹ̀rọ wọn sinmi. Owó wọlé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń ra ilẹ̀. Saheed ra jíìpù tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà lẹ́ẹ̀kan náà, tó lè gun òkè, tó lè la ẹrẹ̀ kọjá. Falilat ò bá a jà nítorí jíìpù. Ohun tó tẹ̀ lé jíìpù náà ló fa ìjà.

Ọkùnrin kan wà ní Fádèyí tó ń ta ẹrù òkè-òkun. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Saheed ń yà sí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Lónìí, á gbé àgọ́ aláṣọ dé. Lọ́la, á gbé sítóòfù gáàsì tí kò ju agolo mílíìkì lọ dé. Ó ra àpò tí ènìyàn ń wọ̀ sùn. Ó ra tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń so mọ́ iwájú orí. Ó ra wáyà irin tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ yọ nínú ẹrẹ̀, ó ra ṣọ́bìrì tó ṣeé ká, ó ra jẹ́ríkàn omi, ó ra kúlà. Níkẹyìn, ó ra àga aláṣọ mẹ́ta tí wọ́n ń ká bí agbòòrùn.

"Ẹ̀yin méjì lẹ ń lọ, kí lẹ fẹ́ fi àga mẹ́ta ṣe?" Falilat bi í.

"Ọkùnrin yẹn ní òun ò ní tú wọn ká. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà pọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ṣàlàyé fún mi. Ẹ fẹ́ fi ilé yín sílẹ̀, ẹ fẹ́ lọ sùn sínú igbó, nínú ilé aláṣọ, kẹ́ ẹ sì padà wálé lọ́jọ́ kejì. Kí lẹ sọnù síbẹ̀?"

"Ìgbafẹ́ ni. Àwọn òyìnbó ń ṣe é."

"Ẹ̀fọn Bariga ò jẹ yín tó ni ẹ ṣe fẹ́ lọ bá ti inú igbó?"

Bọ́lárìnwá, tó jókòó tó ń jẹ̀pà, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, fara balẹ̀. Tí ẹ̀fọn inú igbó bá jẹ ọkọ ẹ, á fún un ní rìsíìtì."

Falilat ò rẹ́rìn-ín. Oṣù àwẹ̀ wọlé, ó rò pé wọ́n á sún un síwájú. Wọn ò sún un. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú àwẹ̀, wọ́n di ẹrù sínú jíìpù, wọ́n kọrí sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní ọjọ́ méjì làwọn fẹ́ lò. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Saheed ti padà dé, òun nìkan. Ó ti já Bọ́lárìnwá sílẹ̀ lójú títì. Ó kó gbogbo ẹrù náà sí igun pálọ̀, ó lọ wẹ̀, ó sùn. Falilat rò pé ojú ń tì í ni, ó sì dùn mọ́ ọn nínú.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àwo mọ́ínmọ́ín ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn àwo, ó kan àga. Falilat bọ́ sí pálọ̀ láàárọ̀, ó rí i pé ọ̀kan nínú àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní ṣíṣí, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó kùn, ó ká a, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyókù. Nígbà tó ti yàrá ìdáná padà, ó tún ti ṣí. Lọ́tẹ̀ yìí ó dúró wò ó dáadáa. Aṣọ ìjókòó àga náà kò tẹ́ pẹrẹsẹ bó ṣe yẹ kó tẹ́. Ó rọ̀ wálẹ̀ láàárín, bí aṣọ ṣe ń rọ̀ tí ènìyàn bá jókòó sórí rẹ̀. Ó na ọwọ́ fà á. Ibi tó dì mú lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí orí ìbùsùn tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò.

Ẹlòmíràn ì bá sá. Ìbínú ni ti Falilat. Ó pariwo sínú ilé òfìfo náà pé ẹni tó bá ń bá òun ṣeré kó yé e ṣe, òun kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀. Ó gbé àga náà jù sí ẹ̀yìnkùlé. Kò ní ìwúwo nígbà tó gbé e. Ṣùgbọ́n nígbà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dún gbì, bí àpò gàrí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó ṣínu, ó rí Níní ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ ọdún méje ni, òun nìkan ni Falilat bí. Níní kúnlẹ̀ níwájú àga náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife omi lọ́wọ́. Àga náà ti nàró, ó kọjú sí ilé.

"Níní! Ta lò ń kúnlẹ̀ fún?"

"Bàbá ni."

"Bàbá wo?"

"Bàbá tí dádì mú bọ̀." Ó wo ìyá rẹ̀ bí ẹni pé ìyá ni kò lẹ́kọ̀ọ́. "Ẹ ò kí wọn rí, mọ́mì. Wọ́n ní ẹ kì í kí àwọn."

Falilat bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rọra sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Kí ni bàbá náà ń wá nílé wa?"

"Wọ́n ní dádì ló ní kí wọ́n máa bọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fẹ́ lọ. Wọ́n ní lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní ọmọ ilé ló máa ń sin àlejò, torí náà èmi ni kí n sin àwọn." Ó ronú díẹ̀. "Wọ́n ní kò jìnnà, pé tí mo bá débẹ̀ mi ò ní fẹ́ padà wálé mọ́."

Falilat gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí omi nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Falilat mú Níní dání, ó gba Ṣómólú lọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ké lójúlé méjì-méjì ládùúgbò náà, òórùn yíǹkì àti kẹrosíìnì gba afẹ́fẹ́. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù Saheed, kò kí ẹnikẹ́ni, ó pa iná ẹ̀rọ. Ilé náà dákẹ́ lójijì.

"Ta lẹ pè wá sínú ilé mi?"

Bọ́lárìnwá kò dápàárá. Òun ló kọ́kọ́ wolẹ̀. Falilat rí i lójú wọn pé ohun kan wà tí àwọn méjèèjì jọ fi pamọ́, inú sì bí i gidigidi.

Saheed sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nílé òkú lọ. Ó ní ibi tó dára kan làwọn rí létí odò, lẹ́yìn ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Àwọn pàgọ́ síbẹ̀, àwọn ṣí àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó lè dùn ún wò. Bí oòrùn ṣe wọ̀ tí òun fẹ́ ṣínu, bàbá arúgbó kan yọ láti inú igbó. Fìlà rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀. Ó dúró, ó ń wo àgọ́. Òun sì pè é bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe, pé kó wá bá àwọn ṣínu.

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n," ni Saheed wí. "Tí wọ́n bá ní ká wá jẹun, a ó ní á gba ibi ire, a ó máa bá tiwa lọ. Bàbá yìí ò wí bẹ́ẹ̀. Ó bi mí pé, 'Inú ilé ta ni?' Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ilé tiwa ni, àwa la ni ín, ẹ jókòó. Ó wá bi mí pé, 'Níbo wá ni tèmi?'"

"Kí lẹ fi dá a lóhùn?"

Bọ́lárìnwá ló dáhùn, ó ṣì ń wolẹ̀. "Èmi ni. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ní ilé Saheed ní Bariga gbàyè. Saheed rẹ́rìn-ín, kò sọ pé rárá. Bàbá yẹn bá jókòó sórí àga kẹta, ó jẹun, kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a ò rí i. Àmọ́ nígbà tá à ń bọ̀, ẹ̀yìn jíìpù tẹ̀ sápá kan bí ẹni pé èèyàn jókòó síbẹ̀. Mi ò lè wẹ̀yìn."

"Ẹ mọ̀. Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́."

"Mo rò pé ó ti lọ," ni Saheed wí.

"O rò pé ó ti lọ! Ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín mi, o rò pé ó ti lọ!" Ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti fẹ́ra, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò pe ọkọ rẹ̀ ní ìwọ. "Ó ti wá ń bá ọmọ mi dá ọjọ́. Sátidé lóun fẹ́ mú un lọ. Ṣé o gbọ́? Gbogbo pálapàla tó o rà ní Fádèyí, kó o padà sínú ọkọ̀ ẹ. A ń lọ síbi tó o ti gbé e wá. Tí ohunkóhun bá ṣe Níní, Saheed, máa fi ṣọ́bìrì tó ṣeé ká yẹn fọ́ ẹ lórí."

Ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n di ẹrù. Bọ́lárìnwá ní ara òun ò yá. Falilat wò ó tìka-tẹ̀gbin, ó ní kó máa jẹ̀pà lọ. Àga kẹta ni wọ́n gbé sínú ọkọ̀ gbẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe gbé e wọlé ni jíìpù náà tẹ̀ sápá òsì. Falilat ò lè fi Níní sílé, torí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ti pé, kò sì sí ilé tó lè fi í sí tí ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn, ó fi apá méjèèjì dì í mú.

Wọ́n kọjá Ìkòròdú, Saheed ń sáré.

"Dádì," ni Níní wí, "bàbá ní kẹ́ ẹ rọra wakọ̀."

Saheed tẹ bíréèkì. Ó rọra wakọ̀.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, oòrùn ti ń pọ́n lẹ́yìn igi. Omi odò náà ń lọ láìdún. Falilat pọn Níní, ọmọ ọdún méje, ó fi ìborùn dì í gbọin bí ọmọ ọwọ́. Saheed bẹ̀rẹ̀ sí í ta àgọ́ bó ṣe ta á lọ́jọ́ kìíní. Ó kó èèkàn irin jáde, ó sọ wọ́n nù, torí iyanrìn ibẹ̀ kò di èèkàn mú. Ó lọ sínú koríko, ó yí òkúta kan jáde, ó gbé e lé okùn àgọ́. Ó tún lọ yí òmíràn.

"Ibo lo ti rí òkúta yẹn?"

"Ìhín náà ni. Mẹ́ta ni. A bá wọn nílẹ̀, òun la fi di àgọ́ mú lọ́jọ́sí."

Falilat bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ̀gbẹ́ kan òkúta náà dúdú fún èéfín. Ó fi ẹsẹ̀ wá koríko, ó rí ibi tí ilẹ̀ ti pọ́n, tí iná ọdún gbọọrọ ti yan án. Ó rí àpáàdì. Ó gbójú sókè, ó rí igi ìyeyè ńlá kan tí kò lè dá hù sáàárín igbó, àti ebè gígùn kan tí koríko bò. Ebè náà lọ tààrà, ó ṣẹ́ kọ́nà, ó tún lọ tààrà. Ògiri tó ti wó ni.

Gbogbo rẹ̀ yé e lẹ́ẹ̀kan náà, ìbínú rẹ̀ sì ga ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ààrò rèé," ló wí. "Ilé onílé rèé. O wọ inú ilé bàbá olóbàbá láìkí i, o tú ààrò rẹ̀, o ta aṣọ sáàárín yàrá rẹ̀, o wá ní kó wá jókòó, pé ilé tìẹ ni. O gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, o wá fi tiwa dípò! Bó ṣe yé e nìyẹn. Èmi náà ì bá tẹ̀ lé ẹ wálé. Tú u palẹ̀! Tú àgọ́ rádaràda yẹn!"

Saheed tú u. Falilat fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sórí ilẹ̀ pípọ́n náà, Níní ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò jẹ́ kí Saheed fọwọ́ kan gáàsì. Igi ló ṣà, ó dáná. Ó ṣí àga kẹta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Òun àti ọkọ rẹ̀ bọ́ bàtà, wọ́n kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Ó gbé ife òfìfo sílẹ̀ níwájú àga náà.

Oòrùn wọ̀. Ẹyẹ dákẹ́. Aṣọ ìjókòó àga náà rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ kúulé o, bàbá," ni Falilat wí. "Àlejò ni wá. A ò kí onílé ká tó wọlé, ẹ má bínú. Àwẹ̀ wà lẹ́nu wa. Ẹ fún wa lómi."

Ó kà á sọ́kàn láti má gbójú sókè. Nígbà tó mú ife náà, omi kún un dé ẹnu. Ó tutù, ó ń rùn bí ewé. Ó mu ú, ó gbé e fún Saheed, ó mu ú. Kò fún Níní.

"A ti mu, bàbá. Ẹ ṣeun. Àlejò ń lọ."

Wọ́n dìde, wọ́n kọjú sí ojú ọ̀nà ibi tí wọ́n gbé jíìpù sí. Lẹ́yìn wọn, ewé gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan. Ẹsẹ̀ àgbà ni, ẹsẹ̀ kan ń wọ́lẹ̀. Onílé ń sin àlejò. Saheed fẹ́ sáré, Falilat di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó dúró láìyíjú.

"Ó tó, bàbá. Ẹ má dààmú mọ́. Ẹ padà sílé yín."

Ẹsẹ̀ náà dúró. Ohùn kan sọ̀rọ̀ létí rẹ̀ gan-an, ohùn gbígbẹ, bí ohùn ẹni tí kò fọhùn láti àárọ̀.

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá kí mi. Èwo nínú yín ló máa padà wá?"

Falilat gbọ́ tí Níní fa èémí lẹ́yìn rẹ̀ láti dáhùn. Afẹ́fẹ́ náà kan án ní ẹ̀yìn ọrùn.

"Èmi!" ló pariwo. Ó ti yíjú báyìí, ó kọjú sí igbó tó ṣókùnkùn, omijé ìbínú ń bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi ni, bàbá! Kì í ṣe ọmọ yìí. Kì í ṣe bàbá rẹ̀ tí kò gbọ́n. Ẹ jẹ́ n tọ́ ọmọ mi, ẹ jẹ́ n rí ọmọ ọmọ mi, kí n darúgbó. Ẹ má ránṣẹ́ pè mí. Ẹ má wá sílé mi mọ́. Tó bá yá, èmi fúnra mi á wá. Mo mọ̀nà."

"Mo gbọ́, ọmọ mi," ni ohùn náà wí. "Ó dọwọ́ ẹ."

Ewé gbígbẹ tún ń dún, ó ń jìnnà lọ, títí wọn ò fi gbọ́ ọ mọ́. Wọ́n fi gbogbo ẹrù náà síbẹ̀, àgọ́, àga, kúlà, gbogbo rẹ̀. Jíìpù náà fúyẹ́ nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Níní sùn lọ. Saheed bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi dé Fádèyí.

Nígbà tó sọ ọ́ débẹ̀ lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ náà, Munirat ti gbé ìkòkò tó ń fọ̀ sílẹ̀ tipẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ò bà yín?"

"Inú ló ń bí mi. Ó ṣì ń bí mi."

"Ṣùgbọ́n ó ti parí. Àbí kò tíì parí?"

Falilat fi kànrìnkàn ha ìdí ìkòkò tirẹ̀.

"Fún Níní," ló wí, "ó parí lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 2001."